Ṣé Ogbó Ni, Àbí Iyè Ń Ra?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ máa ń bi dókítà nígbà tí wọ́n bá mú òbí wọn dé ilé ìwòsàn: "Dókítà, ṣé ogbó náà ni, àbí àìsàn ni?" Màmá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán. Bàbá tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Máfolúkù dé Bọ́ládé láìsinmi ti di ẹni tí ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo. Àwọn kan nínú ilé ní kò sí nǹkan kan, ọjọ́ orí ni. Àwọn mìíràn ti ń fura sí ayé. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tètè gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbéèrè ló máa fi dá ìbéèrè lóhùn: "Báwo ni wọ́n ṣe rí ní ọdún tó kọjá? Ọdún méjì sẹ́yìn ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, kò sí ẹni tó lè dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rí. Gbogbo ènìyàn ló rántí pé Màmá le koko tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ bí wọ́n ti le tó sílẹ̀. Ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń wọn iyè àti agbára ara àgbàlagbà láti ọdún dé ọdún, tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ogbó àti àìsàn fi ń hàn.

Ohun tí à ń wọ̀n

Iyè ni mo ń pe àkójọpọ̀ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe: rírántí, ríronú, ṣíṣírò, mímọ ọ̀nà, wíwá ọ̀rọ̀ tó bá nǹkan mu, mímọ ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣe àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ló ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí ti ń ga. Ẹni ọgọ́rin ọdún máa ń pẹ́ kí ó tó rántí orúkọ ènìyàn, ṣùgbọ́n tó bá yá, orúkọ náà á wá. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Iyè ríra ni ìgbà tí ìdẹ̀sílẹ̀ náà bá pọ̀ débi pé ènìyàn kò lè dá ṣe ohun tó ti ń dá ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ mọ́: owó ọjà kò ṣeé kà fún un, ó gbé ìkòkò kaná ó gbàgbé pé iná wà níbẹ̀, ó dé kọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò yà sí.

Ara ẹlẹgẹ́ ni orúkọ tí mo fún èkejì. Gbogbo ara ló ní agbára ìpamọ́. Iṣan ẹsẹ̀ lágbára ju ohun tí ìrìn lásán ń béèrè lọ. Ọkàn lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde ju èyí tí ẹni tó jókòó nílò lọ. Kíndìnrín lè ṣe ju iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Àṣẹ́kù yẹn ni a fi ń la ibà, iṣẹ́ abẹ tàbí ìṣubú kọjá. Ọdún ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í hàn lójú. Àgbàlagbà méjì lè jọ rìn, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín lónìí, kí ibà kan náà mú wọn lọ́la. Ọ̀kan á padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Èkejì á dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì ní lè dìde láìdi ògiri mú mọ́. Ibà kọ́ ló fa ìyàtọ̀ náà. Ó ti wà nílẹ̀ kí ibà tó dé.

Àwọn ìyá tó ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ káàdì tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí. Bí ọmọ bá wọn kílò 6 lónìí, iye yẹn nìkan kò sọ púpọ̀, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí kò tóbi tí ara wọn sì le. Ìlà tó so àmì oṣù yìí mọ́ ti oṣù tó kọjá ni nọ́ọ̀sì ń wò. Bí ó bá ń gòkè, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí ó bá dúró sójú kan, á béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbàlagbà, àfi pé ìlà tiwọn kì í sábà gòkè, bó ṣe ń yára wálẹ̀ tó ni à ń wò. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó gba máàkì 26 nínú 30 nínú ìdánwò iyè lè ti pàdánù ohun púpọ̀ bí ó bá jẹ́ pé 30 ló gbà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìyá tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ tó gba 20, tó tún gba 20 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iyè rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá wo máàkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò pe aláìsàn ní abarapá, yóò sì pe abarapá ní aláìsàn.

Ohun tí ìlà náà ń sọ

Bí iyè ṣe ń wálẹ̀ máa ń fi irú àìsàn tó wà nídìí rẹ̀ hàn. Ní 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tó kú lẹ́yìn tí iyè rẹ̀ ti ra: ìdọ̀tí tó dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Àìsàn tó gba orúkọ rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ ba apá kan jẹ́ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ní ọ̀gangan etí. Ibẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun ti ń di ìrántí. Àwọn ìrántí àtijọ́ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti fọ́n ká sí ojú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ gbé ilé ní Ṣógúnlẹ̀ ní 1972, ọdún tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì lójú títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n má sì rántí pé àwọn ti jẹun láàárọ̀. Àwọn ẹbí máa ń fi ìtàn àtijọ́ yẹn tu ara wọn nínú: "Iyè Màmá pé pérépéré, wọ́n rántí ohun tí àwa kò rántí!" Ìrántí àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tuntun tí àgbàlagbà lè kọ́ kí ó sì dì mú ni ẹ̀rí.

Ìlà àìsàn Alzheimer máa ń rọra wálẹ̀ fún ọdún púpọ̀, débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé kì í mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé lẹ́yìn ọdún méjì ló máa ń pariwo. Irú kejì, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sábà ń fà nígbà tó bá dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ọpọlọ, lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó dúró fún oṣù mélòó kan, kó tún já. Ní ti ẹni tí iyè rẹ̀ bá dàrú láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, tó ń bá ẹni tí kò sí sọ̀rọ̀ lóru, ìyẹn kì í ṣe iyè ríra rárá. Ìdàrú òjijì ni. Ohun kan nínú ara ló fà á: ibà, àrùn ọ̀nà ìtọ̀, àìtó omi lára, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, oògùn tuntun. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún dé ilé ìwòsàn, nítorí ó lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ó sì ṣeé wò. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni wọ́n ti gbé lọ sílé àdúrà nígbà tó jẹ́ pé àrùn inú ìtọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú.

Àwọn àgbà Ìdíkàn

A kò nílò láti lọ sí òkè òkun kí a tó rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tó gba ìlú méjì. Ní Ìbàdàn, wọ́n wọ agbo ilé dé agbo ilé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì yẹ àgbàlagbà 2,494 wò, àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Indianapolis, ènìyàn dúdú 2,212 tí ọjọ́ orí wọn tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Osuntokun kú ní 1995. Àwọn bíi Adesola Ogunniyi, Olusegun Baiyewu àti Oye Gureje kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé ni irinṣẹ́. Ìdánwò tí ayé ń lò jù nígbà náà ni èyí tí Marshal Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1975, tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 30. Ó ní kí ènìyàn kọ gbólóhùn kan sórí ìwé, kí ó ya àwòrán abẹ́gbẹ̀ẹ́ márùn-ún méjì tó wọ inú ara wọn, kí ó máa yọ 7 kúrò nínú 100 léraléra. Ẹ gbé ìyẹn síwájú ìyá tí kò di bírò mú rí, yóò fìdí rẹmi, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè lọ́jà àti iye tó kù lọ́rùn oníkálukú. Ìwé ni ìdánwò náà ń wọ̀n, kì í ṣe iyè.

Irinṣẹ́ mìíràn ni wọ́n mú, èyí tí Kathleen Hall àti Hendrie ti kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ẹ̀yà Cree, ọmọ onílẹ̀ ní Manitoba ní Kánádà, tí àwọn náà ní èdè àti àṣà tiwọn. Apá méjì ló ní. Apá kìíní bi àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè ní èdè rẹ̀. Apá kejì bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé: ṣé wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé bí wọ́n ti ń ṣe é? Ṣé wọ́n ń gbàgbé ibi tí wọ́n fi nǹkan sí? Ṣé ìwà wọn yí padà? Lójú tèmi, apá kejì yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹni tí kò kàwé lè gba máàkì kékeré ní apá kìíní, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ní kò sí ohun tó yí padà, a ó mọ̀ pé àìkàwé ni. Ẹni tó kàwé lè fi ọgbọ́n bo ìdánwò mọ́lẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ sì sọ pé ó ti di oṣù mẹ́fà tí kò lè san owó iná fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ orí pàápàá, wíwá ni wọ́n wá a. Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ìwé ìbí, nítorí náà ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: ọba wo ló wà lórí oyè nígbà tí ẹ ń ṣe ìgbéyàwó? Ẹ̀yin ha ti bímọ kí ogun kan tó bẹ̀rẹ̀? Fún àgbà Èkó òde òní, 1973 tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn jẹ́ àmì tó dára, FESTAC 1977 náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí ọ̀nà gba ibi àwòrán kọjá. Ní 2005 wọ́n gbé ìdánwò kan jáde tó jẹ́ pé igi ìṣáná ni wọ́n ń lò. Olùyẹ̀wò á to igi ìṣáná mélòó kan ní ìrísí kan, àgbàlagbà á sì to tirẹ̀ bákan náà. Kò sí bírò níbẹ̀ tí yóò dẹ́rù bani. Apá ọpọlọ kan náà tó ń rí ìrísí, tó sì ń darí ọwọ́, ni ìdánwò yìí ń pè síṣẹ́. Àwọn tó ṣe ìdánwò kúkúrú tí wọ́n ń pè ní IDEA, tí wọ́n ti lò ní Tanzania àti ní Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn, mú igi ìṣáná yìí wọ inú tiwọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ènìyàn yóò gbọ́ tí yóò sì tún kà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, orúkọ ẹranko tí ó lè dá láàárín ìṣẹ́jú kan, àti ìbéèrè bíi "kí ni wọ́n ń pè ní afárá?" Máàkì 15 péré ni gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì lè ṣe é.

Kí ni wọ́n rí? Nínú àwọn ará Ìdíkàn, iyè ẹni 2.29 nínú 100 ló ti ra. Ní Indianapolis ó jẹ́ 8.24, bí a bá ka àwọn tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iye yẹn kò tíì tó, nítorí kíkà lẹ́ẹ̀kan lè tan ni. Bí àwọn tí iyè wọn ra ní Ìbàdàn bá ń tètè kú, ẹni tó wá kà wọ́n kò ní bá wọn nílé. Nítorí náà wọ́n padà lọ bá àwọn tí iyè wọn pé lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn ọdún méjì, àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí wọ́n lè mọ iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú sínú rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, ẹni 1.35 nínú 100 ni iyè rẹ̀ ń ra ní Ìdíkàn, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe èèṣì. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré láàárín àwọn ará Ìbàdàn nígbà náà, ibẹ̀ sì ni àwọn olùwádìí na ìka sí. N kò ní fi iye yẹn fọkàn ará Òṣòdì òde òní balẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní àdúgbò rẹ̀, àti iye àwọn tó yẹ kó lò ó tí wọn kò lò ó, á mọ̀ pé a ti kúrò ní Ìdíkàn ti 1992.

Gureje bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn ní 2003 sí 2004 lórí àgbàlagbà 2,152 káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkó sì wà lára wọn. Wọ́n padà lọ bá wọn ní 2007, 2008 àti 2009. Pípadà lọ yìí ni kókó.

Òṣòdì kì í dúró sójú kan

Ibi tí ènìyàn ń gbé máa ń bo àmì mọ́lẹ̀, tàbí kó dá àmì tí kò sí sílẹ̀. Méjèèjì ló wà lọ́dọ̀ wa.

Ẹ wo bí ilé ṣe ń bò ó. Nígbà tí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi owó ọjà kà, ọmọ ọmọ kan á gba àpò owó. Nígbà tí ọbẹ̀ bá jóná lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó ilé á ní "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n ṣe é." Ìfẹ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan kò ní sí iṣẹ́ kankan tí Màmá ń dá ṣe, kò sì ní sí ẹni tó mọ èyí tí wọ́n lè ṣe nínú wọn. Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí oníṣòwò. Nítorí náà, kí ẹ tó gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ àgbàlagbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní oṣù báyìí, ohun báyìí ni wọ́n kò lè ṣe mọ́. Àkọsílẹ̀ yẹn wúlò fún dókítà ju ọ̀pọ̀ ìdánwò lọ.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti ẹni tí wọ́n sọ pé iyè rẹ̀ ti ra nítorí pé ó sọnù ní Òṣòdì. Ta ni kì í sọnù ní Òṣòdì? Ní oṣù kìíní 2009, ìjọba Gómìnà Fashola kó gbogbo ọjà tó bo títì kúrò. Ní 2016 wọ́n wó ọjà Owónífàrí. Ní 2019 wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá alájà púpọ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó ti ń fi igbe àwọn òǹtajà àti igun ìsọ̀ kan mọ ọ̀nà láti ogójì ọdún kò rí àmì kankan mú mọ́. Bí ó bá ṣìnà lọ́jọ́ kìíní, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ mú un gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá kọ́ ọ, hippocampus rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá lè kọ́ ọ rárá, tàbí tó bá wá ń ṣìnà ní òpópónà tó ti ń gbé láti ìgbà èwe, ó tó gẹ́ẹ́ láti lọ rí dókítà.

Ọ̀wọ̀ náà wà nínú ìwọ̀n. Ọmọ tó kàn dédé bi bàbá rẹ̀ pé "Ọjọ́ wo la wà?" ti wá ìjà, Bàbá á sì ní, "Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni?" Ìbínú á dí iyè, máàkì á sì lọ sílẹ̀ lásán. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà, wọ́n á tọrọ àyè, wọ́n á sì ṣàlàyé pé gbogbo ẹni tó bá ti pé ọjọ́ orí báyìí ni àwọn ń bi ní ìbéèrè wọ̀nyí, bí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ènìyàn. Ẹni tí etí rẹ̀ ń dí kò lè rántí ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Ẹ yẹ etí wò kí ẹ tó yẹ iyè wò.

Nígbà tí a bá tún wọ̀n ọ́n

Ìwọ̀n kejì ní àwọn ẹ̀tàn tirẹ̀. Èkíní, ìdánwò máa ń mọ́ ènìyàn lára. Bí ẹ bá lo ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè jẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n rántí, kí máàkì sì gòkè láìjẹ́ pé iyè gòkè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ó tún fi hàn pé ẹni tí máàkì rẹ̀ dúró sójú kan, nígbà tí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀, lè ti máa wálẹ̀. Èkejì, ọjọ́ kan kò jọ ọjọ́ kan. Àgbàlagbà tí kò sùn nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, tàbí tó ń gba ààwẹ̀, kò ní ṣe bíi ti ọjọ́ tó jẹun tó sì sinmi. Àkókò kan náà lójúmọ́, ibì kan náà, ẹni kan náà tí ń béèrè: bí ìyẹn bá yí padà, a kò mọ ohun tí à ń wọ̀n mọ́.

Ẹ̀tàn kẹta kan àwọn olùwádìí ju ìdílé lọ. Bí wọ́n bá padà dé àdúgbò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn kan á ti kú, àwọn kan á ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ní ìlú mìíràn, àwọn kan á ti ṣàìsàn ju ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè lọ. Àwọn tó le jù ni wọ́n á bá nílé. Bí wọ́n bá ka àwọn yẹn nìkan, á dà bí ẹni pé àwọn àgbà kò yí padà. Iṣẹ́ tó dára gbọ́dọ̀ wá àwọn tó jábọ́ kàn, kí ó sì bi ẹbí wọn ní ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti orí dé ẹsẹ̀

Ìwọ̀n ara rọrùn ju ti iyè lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé sì tó fún un. Kí ẹnì kan dúró ti àgbàlagbà kí wọ́n má baà ṣubú. Ẹ gbé àga tí kò ní apá ti ògiri. Kí wọ́n ká ọwọ́ sáyà, kí wọ́n dìde kí wọ́n sì jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ fi fóònù ka àkókò. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 15, iṣan ẹsẹ̀ ti ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn mítà 4 sílẹ̀, kí wọ́n rìn ín bí wọ́n ti ń rìn lójoojúmọ́. Ẹni tó lò ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ìrìn rẹ̀ ti falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Irinṣẹ́ méjì yìí kò náni ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára èyí tí àwọn dókítà àgbàlagbà gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí ìrìn kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Ojú, etí inú, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, oríkèé àti ọpọlọ ló jọ ń ṣe é. Èyíkéyìí tó bá dẹ̀, ìrìn á sọ.

Ọpọlọ ló yà mí lẹ́nu jù nínú wọn. Ní 1997, Lillemor Lundin-Olsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden kíyè sí àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń rìn tí ènìyàn sì bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á dúró kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣubú jù láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Ọpọlọ wọn kò ní àṣẹ́kù tí yóò fi ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí mìíràn rí i pé ẹni tí ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀, tó sì ń ráhùn pé òun ń gbàgbé, wà nínú ewu iyè ríra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí a wọn iyè lọ́tọ̀ kí a sì wọn ara lọ́tọ̀.

Linda Fried àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àmì márùn-ún kalẹ̀ ní 2001: ara tó fọn láìfẹ́, àárẹ̀ tí kò lọ, ọwọ́ tí kò lè fún nǹkan mọ́, ìrìn tó falẹ̀, àti iṣẹ́ ara tó dínkù. Ẹni tó ní mẹ́ta nínú wọn, ara rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́. Ẹni tó ní ọ̀kan tàbí méjì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti lè dá a padà. Kenneth Rockwood àti Arnold Mitnitski ní Kánádà gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ka gbogbo àbùkù ara tí wọ́n rí, láti orí ojú tó ń ṣú dé orí àìlèwẹ̀ fúnra ẹni, wọ́n sì wo ìdá tí ó jẹ́ nínú gbogbo èyí tí wọ́n wá. Ẹni tó ní 10 nínú 40 ti wọ agbo ẹlẹgẹ́. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí iye rẹ̀ ń kọjá ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ara kì í lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ kó ṣì wà láàyè.

Ohun tó ṣeé yí padà

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwọ̀n ni pé kì í ṣe gbogbo ìlà tó ń wálẹ̀ ni yóò máa wálẹ̀ lọ. Oògùn ìkọ́ àti ọ̀fìnkìn àtijọ́ bíi Piriton, tí àwọn àgbà kan máa ń lò lálaalẹ́ kí wọ́n lè sùn, ń dí èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìrántí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Valium náà máa ń mú iyè lọ́ra, ó sì ń mú kí ènìyàn ṣubú lóru. Àìtó fítámì B12, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀fun (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ tó, ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí ìyàwó, gbogbo wọn lè jọ iyè ríra, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ ní 2024 pé ohun mẹ́rìnlá, tó fi mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, etí dídi, ojú tí kò ríran dáadáa àti ìdánìkanwà, ló wà nídìí nǹkan bí 45 nínú 100 iyè ríra lágbàáyé. Ní ti ara, iṣan ẹsẹ̀ ẹni ọgọ́rin ọdún ṣì ń dàgbà bí ó bá ń dìde lórí àga lójoojúmọ́, tí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà sì wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Jíjókòó sójú kan ló ń jẹ iṣan jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí òbí yín ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹ kọ ọjọ́ òní síbẹ̀, ìwọ̀n kílò wọn, iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún, èyí tí wọ́n fi rin mítà 4, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, àti àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń dá ṣe: owó kíkà, oúnjẹ sísè, ọkọ̀ wíwọ̀, fóònù pípè. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá rí i pé ó ti wálẹ̀, ẹ gbé ìwé náà lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ tàbí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí dókítà wò ó kí ó tó wo ènìyàn. Bí wọ́n bá darí yín sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ayé dá yín dúró, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa iyè ló wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé náà nígbà tí ara Màmá àti Bàbá ṣì dá ṣáṣá, nítorí ìwọ̀n ọjọ́ yẹn ni dókítà máa fi wé gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e.